Irú ọ́dà wo nìyí? Ìtàn Òṣogbo àti Iléṣà láti ojú àpótí kékeré kan nínú sọ́fítíwíà

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ tòsí. Ìtàn Òṣogbo àti Iléṣà ni mo gbé wá lónìí. N ò ní gba ààfin wọlé o, n ò sì ní gba ojú ogun Jálumi tàbí Kírìjì. Inú sọ́fítíwíà ni mo máa gbà wọlé, láti ojú àpótí kékeré kan tó máa ń béèrè pé: irú ọ́dà wo nìyí?

2. Ìṣẹ́ mi ni. Mo máa ń bá àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké to sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń darí òwò wọn: aláró, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń jó géètì. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ ṣíṣe tó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ oríṣi ọ́dà tẹ́ ẹ ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn tẹ èyí tó wà lókè pátápátá, wọ́n á máa bá tiwọn lọ.

3. Àpótí yẹn dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn ìyá wa tó ń re aró ní Òṣogbo ti dáhùn ìbéèrè inú ẹ̀ kí iná mànàmáná tó dé ìlú. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ irin ńlá fi dákẹ́ ní Òṣogbo, tí ilé-iṣẹ́ ọtí sì ń hó ní Iléṣà, ìbéèrè yẹn náà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ.

4. Àkọ́kọ́ ná, kí ni ọ́dà iṣẹ́? Ìwé àṣẹ ni. Ó ń sọ ohun tá a fẹ́ ṣe, iye tá a fẹ́ ṣe, ohun tá a máa fi ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, àti ẹni tó máa ṣe é. Láyé àwọn bàbá wa, káàdì lásán ni, wọ́n á fi bébà lílẹ́ lé e sára iṣẹ́. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ló wà.

5. Oríṣi ọ́dà wá dà bí orúkọ ìdílé tí ìwé yẹn ń jẹ́. Tó o bá ti mọ ìdílé ẹ̀, o ti mọ nǹkan márùn-ún: nọ́ńbà tó máa gbà, ẹni tó lè fọwọ́ sí i, sítọ́ọ̀ tí ẹrù iṣẹ́ ti máa jáde, ibi tí iṣẹ́ náà máa lọ tó bá parí, àti ẹni tí owó iṣẹ́ náà máa wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ fi ìkarùn-ún yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ìtàn yìí.

6. Àwọn oríṣi tó wọ́pọ̀ rè é, pẹ̀lú orúkọ tí mo máa ń fún wọn tí mo bá ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀:
Ọ́dà àtẹ: ẹ ṣe é sílẹ̀, ẹni tó máa rà á ò tíì yọjú.
Ọ́dà oníbàárà: ẹnì kan ló ní kẹ́ ẹ ṣe é, orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀.
Ọ́dà ìkòkò: ẹ ò lè ṣe ẹyọ kan, ìkòkò kan lẹ máa sè.
Ọ́dà àgbàṣe: ẹrù ẹlòmíì lẹ ń bá a ṣe.
Ọ́dà àtúnṣe: ẹ ń ṣe ohun tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀.

7. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sétí odò. Gbogbo wa la mọ ìtàn bí Òṣogbo ṣe bẹ̀rẹ̀. Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn wá omi dé ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, igi kan wó, ohùn kan sì jáde láti inú omi: wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun! Ẹ wò ó dáadáa. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ìlú yìí, jàǹbá ibi iṣẹ́ ni. Ìkòkò iṣẹ́ fọ́, ẹni tó ni ín sì figbe ta. Abájọ tí wọ́n fi ń pe Òṣogbo ní ìlú aró.

8. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe aró? Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú tútù, wọ́n á sù ú rìbìtì, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi sí i. Omi tó bá kán sísàlẹ̀ ni wọ́n máa fi rẹ ẹ̀lú. Ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé lò. Aṣọ tó bá wọ inú ẹ̀ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á kàn án, á wá dúdú. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, títí á fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́.

9. Ṣé ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọ́dà wa níbẹ̀? Ìkòkò aró tó bá ti tó lò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí bó o ṣe fẹ́ po aró aṣọ kan ṣoṣo. Odindi ìkòkò lo máa pò, aṣọ èèyàn mẹ́wàá lè wọ inú ẹ̀, owó ẹ̀lú àti eérú á sì pín sórí gbogbo wọn. Ọ́dà ìkòkò nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń se ọtí náà nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà ilé náà nìyẹn.

10. Àwọn aláró wa mọ àgbàṣe náà. Láyé àtijọ́, aládìrẹ àti aláró lè jẹ́ ẹni méjì. Aládìrẹ ló máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ìyẹn ẹlẹ́kọ, tàbí kó fi iko dì í, ìyẹn oníko. Lẹ́yìn náà, á gbé e fún aláró kó bá òun rẹ ẹ́, á sì san owó rírẹ. Aṣọ wà nílé aláró, àmọ́ aṣọ kì í ṣe ti aláró.

11. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ láàmú nínú sọ́fítíwíà títí dòní nìyẹn: ẹrù tó wà nílé ẹ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tìẹ. Tó o bá kà á mọ́ ọrọ̀ ẹ, o ti tan ara ẹ jẹ. Tó o bá sì fò ó, tó bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí olówó ẹ̀ á fi kan ìlẹ̀kùn. Ìyá aláró ò kàwé, kò sì da aṣọ aláṣọ pọ̀ mọ́ tiẹ̀ rí.

12. Àtẹ ńkọ́? Bátànì bíi Ìbàdàndùn àti Olókun, gbogbo ọjà ló mọ̀ wọ́n. Ìyá á ṣe é sílẹ̀, á gbé e lọ sọ́jà, ó dá a lójú pé ẹnì kan á rà á. Tí kò bá tà lónìí, ó lè tà lọ́la. Owó tiẹ̀ ló fi ṣe é, ewu tiẹ̀ ni.

13. Ṣùgbọ́n tí mọ̀lẹ́bí kan bá wá pé àwọn fẹ́ sìnkú bàbá àwọn, àwọn fẹ́ àwọ̀ báyìí, bátànì báyìí, ọgbọ̀n ìró, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Aṣọ ẹbí tí wọn ò bá wá gbé, ta ló fẹ́ rà á? Ìdí nìyẹn tí àsansílẹ̀ fi wà. Kì í ṣe pé aláró ò fọkàn tán wọn. Irú ọ́dà yẹn ló ń bèèrè àsansílẹ̀.

14. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìkòkò kan náà, aró kan náà, ọwọ́ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ mú owó sílẹ̀ àti ẹni tí àdánù máa bá tí nǹkan bá yíwọ́. Oríṣi ọ́dà nìyẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá.

15. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Iléṣà. Ta ni ò mọ Òṣómàáló? Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, láti abúlé dé abúlé, ní ìgbà àwọn òyìnbó. Wọ́n á fún ọ láṣọ láwìn. Tọ́jọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé ẹ, wọn ò ní dìde títí o fi máa san án. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́.

16. Òwò Òṣómàáló, ọjà àtẹ ni, àtẹ tó ń rìn. Wọ́n ra ọjà kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún tà á láwìn. Ẹ̀mejì ni wọ́n fi ru ewu: ewu ọjà, ewu gbèsè. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n mọ̀ pé ewu ọ̀hún wà lórí wọn, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó. Ẹni tó mọ ewu ẹ̀ ló ń wá nǹkan ṣe sí i.

17. Ní báyìí, ẹ bá mi kọjá òkun díẹ̀, a ò ní pẹ́. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Ludwigshafen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tó yá, aró òyìnbó yẹn dé ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí gígún ewé mọ́, kò sí sísun eérú. Lẹ́gbàá, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn títí dé ọ̀dọ̀ Aláké ní àwọn ọdún 1930.

18. Tẹ́ ẹ bá dúró ní Ludwigshafen tẹ́ ẹ wo òdìkejì odò Rhine, Mannheim lẹ máa rí. Agbègbè Mannheim yẹn ni àwọn márùn-ún tó kúrò ní IBM ti dá ilé-iṣẹ́ SAP sílẹ̀ ní 1972. Oníbàárà wọn àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ ICI ní Östringen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òwú náílọ̀n. Agbègbè tí aró ẹlẹ́míkà ti wá bá wa náà ni sọ́fítíwíà ti wá. Ọ̀rọ̀ òwú àti aró ò tán lára wa rí.

19. Ṣáájú wọn, Joseph Orlicky ní Amẹ́ríkà ti ṣe ètò kan ní 1964 tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ rà àti ìgbà tó yẹ kó rà á. SAP àti àwọn mìíràn kó ìyẹn mọ́ ìṣirò owó. Ní 1990, Gartner fún gbogbo ẹ̀ ní orúkọ: ERP. Ìyẹn sọ́fítíwíà tó so sítọ́ọ̀, iṣẹ́, ọjà títà àti ìwé owó pọ̀ sójú kan.

20. Tẹ́ ẹ bá ṣí SAP lónìí, ẹ máa bá PP01 níbẹ̀, ọ́dà iṣẹ́ gbogbogbòò. Ẹ máa bá PI01 náà, tó wà fún àwọn tó ń pò tàbí tó ń sè. Ọ́dà ìkòkò ni PI01! Àwọn ará Jámánì rí i pé ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń se nǹkan ò lè lo ìwé kan náà. Ìyá aláró ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

21. Ó yá, a ti padà sílé. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo kí 1910 tó pé. Ní 1933, British American Tobacco dá ilé-iṣẹ́ sìgá kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi dán an wò bóyá sìgá ṣeé ṣe ní Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe. Ní 1937, wọ́n kọ́ èyí tó tóbi. Níbo? Ìbàdàn.

22. Oríṣi ọ́dà kẹfà rè é o: ọ́dà ìdánwò. Sọ́fítíwíà gidi máa ń yà á sọ́tọ̀, torí pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni èrè ẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn ló jẹ ẹ̀kọ́ náà. Ìlú tí wọ́n bá ń lò fún ìdánwò gbọ́dọ̀ tètè béèrè pé: tó bá yọrí sí rere, ọ̀dọ̀ ta ni iṣẹ́ gidi máa lọ?

23. Ní December 1971, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, Olóyè Lawrence Ọmọ́lé, dá International Breweries sílẹ̀ ní Iléṣà. Ọtí àkọ́kọ́ jáde ní December 1978. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà lè sè lọ́dún jẹ́ hectolitre 200,000, ìyẹn lítà mílíọ̀nù 20. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò onísẹ̀ńtílítà 60, ó lé ní ìgò mílíọ̀nù 33. Kí 1982 tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ di 500,000.

24. Kí ló ń pe iṣẹ́ níbẹ̀? Ọ̀fún àwọn èèyàn. Wọ́n mu Trophy ní Sátidé, agolo àti páálí ṣófo, ọlọ́jà béèrè sí i, ilé-iṣẹ́ gbé ìkòkò kaná. Àtẹ àti ìkòkò pàdé. Ẹni tó ń ra ọjà wà ní ìdúró ọkọ̀ kan síbi tí wọ́n ti ń sè é. Kò sí ìwé tó gbọ́dọ̀ ti Abùjá wá kí iná tó jó.

25. Ẹ padà sí Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fa irin sí ìlú mẹ́ta: Òṣogbo, Jos àti Katsina. Tọ́ọ̀nù 210,000 ni wọ́n ṣètò kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fà lọ́dún, irin tí wọ́n fi ń kọ́lé. Inú Òṣogbo dùn. Àwọn ọ̀dọ́ gba iṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n níyàwó.

26. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn kì í yọ́ irin fúnra ẹ̀. Ó ń fa irin ni. Ọ̀pá irin ńlá tí wọ́n ń pè ní billet gbọ́dọ̀ ti ibòmíì wá: láti Aládjà nítòsí Warri, àti láti Ajaokúta. Ajaokúta ò parí títí dòní. Aládjà náà ò rí agbára tó láti bọ́ ara ẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ mẹ́ta.

27. Nínú sọ́fítíwíà, ẹ máa rí ibì kan tí wọ́n ti ń ṣètò oríṣi ọ́dà kọ̀ọ̀kan pé: kí ó tó di iṣẹ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹrù tá a máa fi ṣe é wà nílẹ̀. Tí kò bá sí, ọ́dà ò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n kọ́ odindi ilé-iṣẹ́ ní Òṣogbo láìdáhùn ìlà kan yẹn. Ọ́dà àtẹ ni, ilé ìyá sì ni ẹrù ẹ̀ wà. Ìyá ò rí jẹ, ọmọ ò rí ṣe. Ó dákẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 2000, ìjọba tà á fún aládàáni.

28. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ Machine Tools tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, tí HMT ti Íńdíà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀: lathe, ẹ̀rọ tó ń lu irin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi nífẹ̀ẹ́ èrò yẹn. Orílẹ̀-èdè tí ò lè ṣe nọ́ọ̀tì ara ẹ̀ á máa tọrọ nọ́ọ̀tì títí ayé.

29. Àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè wa: irú ọ́dà wo nìyí? Lathe kì í ṣe bíà. Ẹnikẹ́ni ò lè ra méjì lọ́jọ́ Sátidé. Ọ́dà oníbàárà ni. Àwọn oníbàárà ọ̀hún sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Tí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ń kú, ta ló máa wá sọ pé ẹ bá mi ṣe ẹ̀rọ?

30. Ibi tí orúkọ méjì ti pàdé rè é. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò kan jáde, SAP ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí. Náírà tí kò tó kan fún dọ́là kan ní 1985 ti di nǹkan bí 4 ní 1987. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra ẹrù iṣẹ́ rí i pé ẹrù ọ̀hún ti fò lọ sókè. Ọ̀pọ̀ tìlẹ̀kùn. Òyìnbó Jámánì ń ta SAP láti fi darí iṣẹ́; SAP tiwa ń pa iṣẹ́ tí wọn ì bá fi darí. Orúkọ kan náà ni o, wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí.

31. Ilé-iṣẹ́ tó ń retí ọ́dà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wá di ẹni tó ń retí aláìsàn kó wá yá òun lówó. Ẹ̀rọ wà, àwọn tó mọ ẹ̀rọ lò wà, iná wà nígbà mìíràn. Ọ́dà ni ò wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wọ aṣọ iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ méjì yẹn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹni tí wọn ò fún níṣẹ́, báwo ló ṣe máa ṣe é?

32. Iléṣà ńkọ́? Ó kàn án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó malt ọkà báálì wọlé láti òkè òkun. Báálì sì ni òyìnbó fi ń se bíà! Àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí ní Nàìjíríà bọ́ sínú oko tiwa: ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń sè é padà, wọ́n yí àkókò padà, wọ́n tún kọ́ ẹnu àwọn èèyàn.

33. Ẹ̀yin tó ń to sọ́fítíwíà, ẹ fetí sí èyí. Oríṣi ọ́dà ò yí padà ní 1988. Ọ́dà ìkòkò ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, òun náà ló jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó yí padà ni àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń kó sínú ìkòkò. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má so wọ́n mọ́ra wọn nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó so wọ́n mọ́ra, lọ́jọ́ tí ẹrù kan bá wọ́n, gbogbo ètò ẹ̀ á wó pẹ̀lú ẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹrù kan máa wọ́n dandan.

34. N ò sọ pé Iléṣà bọ́ pátápátá o. Ní 1994, ó di ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ará ìlú lè ra ìpín nínú ẹ̀. Ní 2012 ó bọ́ sábẹ́ SABMiller, ní 2016 AB InBev gbé SABMiller mì, ní 2017 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ọtí Onitsha àti ti Port Harcourt. Lónìí, ọ̀nà jìn láti Iléṣà dé ibi tí ẹni tó ń pinnu bóyá ìkòkò máa gbóná jókòó sí. Ọ̀fún àwọn èèyàn ṣì ń pè é, àmọ́ ẹlòmíì ló ń fọwọ́ sí ìwé.

35. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá ìyá kan tó ń ṣe bàtíìkì ní Òṣogbo. (Bàtíìkì wọ́pọ̀ níbẹ̀ o. Láti 1983 ni Mama Níkẹ̀ ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ niṣẹ́ yìí.) Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, mò ń tà, mò ń tà, mi ò rówó. Bá mi wò ó nínú kọ̀ǹpútà."

36. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ wo ló wà nílẹ̀ yìí?" A jọ kó o, a yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Apá kan jẹ́ ti àtẹ. Apá kan jẹ́ aṣọ ẹbí tí wọn ò wá gbé, láìsí àsansílẹ̀. Apá kan jẹ́ ti aránṣọ kan tó gbé aṣọ funfun ẹ̀ wá kí wọ́n bá a rẹ ẹ́. Apá kan sì jẹ́ èyí tí àwọ̀ ò mú, tí wọ́n ti tún rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé ìyá, gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan: aṣọ.

37. Owó tí ìyá ń wá kò sọnù. Inú "aṣọ" ló sá pa mọ́ sí. Owó àtúnṣe fara pamọ́ sára ti àtẹ, àtẹ wá dà bí ohun tí kò lérè. Aṣọ ẹbí tí wọn ò gbé dà bí ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ gbèsè ni. Aṣọ aránṣọ dà bí ti ìyá, bẹ́ẹ̀ àlejò ni.

38. Ọ́dà mẹ́rin ni mo ṣí fún wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ: wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, àmọ́ ó ní iye. Oníbàárà: ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kó jáde tí àsansílẹ̀ ò bá tíì wọlé. Àgbàṣe: aṣọ wọlé pẹ̀lú orúkọ olówó ẹ̀, owó rírẹ nìkan ni tìyá. Àtúnṣe: nọ́ńbà tiẹ̀ dá yàtọ̀, kí wọ́n lè rí i lópin oṣù bó ṣe pọ̀ tó. Ìkòkò aró? Mo fi owó ẹ̀ pín sórí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà ìwáṣẹ̀.

39. Ìyá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ìyá mi àgbà ń ṣe nìyí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé ni mo dà á pọ̀."

40. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to tiyín, ìmọ̀ràn mi rè é, kò wọ́n. Ẹ má ṣí oríṣi ọ́dà torí àwọ̀ tàbí ìtóbi ọjà. Ẹ ṣí i torí ẹni tó mú owó sílẹ̀, ẹni tó ni ẹrù, àti ẹni tí àdánù máa bá. Tí ìdáhùn mẹ́ta yẹn bá jẹ́ ọ̀kan náà fún iṣẹ́ méjì, oríṣi kan ni wọ́n. Ẹ fún àtúnṣe ní orúkọ tiẹ̀, bó ti wù kó tini lójú tó. Ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wo ẹrù kó tó gba iṣẹ́.

41. Ìbéèrè yìí kan àwọn tó ń ṣèjọba náà. Tí wọ́n bá tún wá gé ribọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ tuntun ní Ọ̀ṣun, kí ẹnì kan láàárín wa nawọ́ sókè kó béèrè: irú ọ́dà wo ni? Níbo ni ẹrù ẹ̀ ti ń bọ̀? Ta ló máa rà á? Tó bá kùnà, ta ló máa ru ú? Òṣogbo ti ru ẹ̀mejì.

42. Ó parí síbí. Ẹ̀yin tí mọ̀lẹ́bí yín ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin, ní Machine Tools, ní ilé-iṣẹ́ sìgá tàbí ní ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà, ẹ wá sọ tiyín lábẹ́ ibí. Kí ni wọ́n ń pe ìwé iṣẹ́ wọn nígbà yẹn? Ta ló ń fọwọ́ sí i? Ẹ̀yin ọmọ aláró pẹ̀lú, mo ń dúró dè yín. Ẹ pín in fún ẹni tó ń ṣòwò.